Ṣóńṣó Abẹ́rẹ́ Àǹtí Kò-Jókòó

"Má tíì tilẹ̀kùn o, mi ò tíì rí ìyókù ẹ̀."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n obìnrin náà sọ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbẹ̀yìn nìyẹn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ kiri. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ àbúrò, ebi sì ń pa á. Ó ní, "Àǹtí mi, ilẹ̀ á mọ́ lọ́la, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Obìnrin náà ṣì ń pa ilẹ̀ kiri. Àbúrò bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yọjú síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, obìnrin náà ti ṣubú. Òòfà tó fi ń wá ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ń wá kò ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni.

Aṣọ ni wọ́n ń rán ní ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń fi bọ́tìnì onírin kàn án mọ́ àjà inú hẹlikọ́pítà àwọn ológun, èyí tó ń kó ọmọ ogun, ẹrù àti aláìsàn, kí ariwo ẹ̀rọ má baà di wọ́n létí. Tẹ́lẹ̀, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa náà gbìyànjú rẹ̀, ọ̀gá, tó jẹ́ pé ìjókòó ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ń rán láti kékeré, lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kó rán tìmùtìmù méjìlá kí wọ́n fi dán an wò. Tó bá ṣe é dáadáa, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Tó bá bà á jẹ́, ó di ìjókòó akẹ́rù padà, fún òun àti àwọn mẹ́fà tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Àǹtí Kò-Jókòó ni wọ́n ń pe obìnrin tó kú náà níbẹ̀. Aránṣọ tí kò lè jókòó! Tó bá rán ìlà méjì lórí maṣíìnì, á dìde, á lọ wo ojú ọ̀nà, á mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́, á padà. Nílé, orí ìdúró ló ti ń jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò nígbà tí ìyá wọn kú. Orí ìdúró náà ló ti tọ́ ọ: á fi ọwọ́ kan fọ aṣọ rẹ̀, á fi èkejì gbá a létí pé kó kàwé. Kò kà á. Ìwé mẹ́fà ló kà mọ. Ó bá mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi í sídìí gígé aṣọ.

"Jókòó díẹ̀ ná," Ìyá Bọ́tìnì máa ń wí fún Kò-Jókòó. Obìnrin náà ló ń kan bọ́tìnì, ẹgbẹ́ sì ni wọ́n. "Àbí àga ń ta ọ́ ni?"

"Bá mi jókòó níbẹ̀. Ìdí ẹ tó ti èèyàn méjì."

Iṣẹ́ tó bá Kò-Jókòó lára mu ni dídè tìmùtìmù. Ìpele mẹ́ta ni: aṣọ òkè, fóòmù, aṣọ ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́, gígùn, ni wọ́n fi ń gún un já, tí wọ́n á wá ta kókó, ọgọ́ta kókó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìdúró ni. Á máa yí tábìlì po, á máa gún, á máa so, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí hẹlikọ́pítà bá ń kọjá, á sáré jáde, á gbójú sókè.

"Ẹ ṣe sùúrù o! Aṣọ yín ń bọ̀!"

"Wọ́n ti gbọ́," Ìyá Bọ́tìnì á dáhùn látinú ilé. "Wọ́n ní kí o padà wá rán an."

Òfin kan wà níbẹ̀ tó le. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ sọnù. Tó bá kán, o gbọ́dọ̀ wá gbogbo rẹ̀ rí, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí o fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó fún ọ ní òmíràn. Ìdí ni pé òkè àjà yẹn gan-an ni àwọn ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń darí hẹlikọ́pítà gbà kọjá. Irin kékeré tó bá bọ́ sáàárín wọn lè há wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Kò-Jókòó ṣubú, bó ṣe ń kó iṣẹ́ nílẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ti kújú. Ṣóńṣó rẹ̀ ti lọ. Kò mọ ìgbà tó kán, ó sì ti fi abẹ́rẹ́ yẹn de tìmùtìmù méjèèjìlá tán. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ sí i: *Ṣóńṣó kán. N kò tíì rí i.* Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sin ín. Ní Ọjọ́rú, àbúrò ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, torí ara rẹ̀ kò gbélé. Gbogbo àga ilé ń lé e dìde.

Ọ̀gá pè é sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi òòfà gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n gbé òòfà lé tìmùtìmù, bọ́tìnì onírin ló ń fà. Ọjọ́ Ẹtì sì ni sájẹ́ǹtì tó ń yẹ iṣẹ́ wò ń bọ̀. Ọ̀gá la àtẹ́lẹwọ́. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, ó ń dán.

"Níbo lẹ ti rí i, sà?"

"Má bi mí níbi tí mo ti rí i. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ, kí o fọwọ́ sí i."

"Abẹ́rẹ́ mìíì lẹ kán."

"Àbúrò, gbọ́. Ilé mẹ́fà ló ń jẹun níbí. Tí a ò bá rí ṣóńṣó yẹn, wọ́n á gé gbogbo ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ Kò-Jókòó á di àkísà. Wọ́n á sì kọ orúkọ ẹ̀ sí i pé òun ló fà á. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó gba ṣóńṣó náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ tó kújú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Gọ́ọ̀mù wà nítòsí. Ó wo ìwé náà, ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹni tó kọ ọ́ lórí ìrìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun kò tíì rí i. Tí wọ́n bá lẹ èyí mọ́ ọn, á di pé ó ti rí i. Á di pé kò sí ohun tó ń wá lórí ìkúnlẹ̀ yẹn.

Ó dá a padà sọ́wọ́ ọ̀gá. Ó mú sísọ́ọ̀sì.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ tú wọn."

"O fẹ́ tú kí ni? Ọjọ́ méjì ló kù! A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnì kan, o tún fẹ́ sin àwa náà?"

Ọ̀gá bú u. Ó pè é ní olóríkunkun, ó pè é ní ọmọ tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀gá," Ìyá Bọ́tìnì ní. "Ṣé ẹ ò rí i pé òun náà ò lè jókòó mọ́ ni?"

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ látorí tìmùtìmù àkọ́kọ́. Ó gé ọgọ́ta kókó, ó fi ìka tú fóòmù bí ẹni ń wá iná orí. Kò sí. Ìkejì, kò sí. Ìkẹta, kò sí. Ó ń jókòó, ó ń dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń padà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìka rẹ̀ ti wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe fẹ́ gé ìkẹrin, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀. Ó dúró. Ó lọ fọwọ́ pa ti ìkejìlá. Ó rí gbágungbàgun: ihò abẹ́rẹ́ ibẹ̀ fẹ̀, aṣọ sì ti hu irun yí i ká. Abẹ́rẹ́ tó ní ṣóńṣó kì í ya aṣọ báyẹn. Èyí tó kújú ló máa ń fipá wọlé.

Ó tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, torí nọ́ńbà wà lára wọn. Láti ìkíní dé ìkeje, wọ́n jọ̀lọ̀. Láti ìkẹsàn-án lọ, gbágungbàgun. Ìkẹjọ nìkan ló bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí kò parí dáadáa. Ó ń ka kókó rẹ̀ lọ. Ìkọkànlélógún jọ̀lọ̀. Ìkejìlélógún ya.

Ibẹ̀ ló gé. Ṣóńṣó náà wà nínú fóòmù, ó dúró ṣánṣán bí ẹ̀gún.

"Àǹtí mi, mo ti—"

Ẹnu rẹ̀ dúró. Ìyá Bọ́tìnì fi apá bojú. Ohun tó dun àbúrò jù ni pé kò ṣòro. Ká ní ilẹ̀ mọ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tó rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á. Kò ní í gé mẹ́ta dànù kó tó ronú.

Sájẹ́ǹtì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wọ gíláàsì, ó gbé ṣóńṣó ti abẹ́rẹ́, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ó bá ara mu. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni mò ń rí."

Òógùn bo ọ̀gá. "A gé mẹ́rin, sà. Ọmọ yìí ló gé e."

Sájẹ́ǹtì ka ìwé náà. "Ta ló kọ pé òun ò tíì rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà," àbúrò ní.

"Pè é wá."

"Ó ti kú, sà."

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà. "Ẹlòmíì ò ní kọ ọ́," ó ní. Ó na bírò sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fi ibi tí ẹni tó rí i máa ń fọwọ́ sí hàn án. Àbúrò fọwọ́ sí i, nísàlẹ̀ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n kó mẹ́jọ sínú ọkọ̀. Sájẹ́ǹtì ní òun á padà wá kó mẹ́rin tó kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta yẹn ńkọ́, sà?" ọ̀gá bi í.

"Ẹ kọ́kọ́ rán mẹ́rin ná."

Ọ̀gá kò bá àbúrò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Nígbà tó ń lọ, ó gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ tuntun kan kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí àbúrò délé, ó gbé oúnjẹ kaná. Kò lè dúró tì í. Ó jáde sójú ọ̀nà, ó wọlé, ó tún jáde, ó rìn dé ìkóríta, kò mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀, ó padà. Èéfín ti kún inú ilé. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Ó da èyí tó jóná nù. Ó bu iyanrìn sínú ìkòkò, ó mú kànrìnkàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó lo omi korobá méjì. Ìdí ìkòkò náà ṣì dúdú. Ó lọ bu ìkẹta.