Ọjọ́ Tí Dídán Fi Sáńpépà Ha Ojú Fóònù

Dídán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Àwọn káfíńtà ló máa ń gbé àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wá bá a. Òun á fi sáńpépà ha wọ́n títí wọn á fi jọ̀lọ̀, á kùn wọ́n ní fáníìṣì, á sì nù wọ́n títí ẹni tó ni tábìlì á fi máa rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí.

Ẹ wọ ilé rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Èèkù ọ̀bẹ ń dán. Igi tí wọ́n fi ń ti fèrèsé ń dán. Ó tiẹ̀ fi fáníìṣì kun ìjókòó onígi tó wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àkùntúnkùn, àna rẹ̀ kan wá kí wọn, ó wọlé lọ jókòó, ó sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀ gbì. Ìyàwó Dídán ní òun ò mọ èyí tí òun ì bá ṣe nínú kí òun tọrọ àforíjì àti kí òun rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu òun ná. Àna yẹn kò tíì tún ya ilé wọn títí dòní, bó bá sì pàdé Dídán lọ́nà, ìdúró ló fi ń kí i.

Ìyàwó yìí ni olùtọ́jú òdòdó nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Láràárọ̀ ló máa ń wọ ẹ́púróònù tó ní àpò gbàǹgbà níwájú, gbogbo ohun tó bá ní láyé ló sì máa ń kó sínú àpò yẹn: ọ̀bẹ kékeré, okùn, kọ́kọ́rọ́ ilé, iyanrìn tí kò sẹ́ni tó pè é, àti fóònù. Àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn ló ra fóònù náà ránṣẹ́ sí i. Bó ṣe ń yí gbiri láàárín iyanrìn lójoojúmọ́ ni ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ìlà kan fi wá là á kọjá láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀.

Ẹ má rò pé torí fáàrí ni obìnrin yìí ṣe ń ráhùn nípa ìlà náà o. Màmá rẹ̀ ń gbé níbi tó jìnnà, ohùn Màmá sì ti lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun. Etí Màmá ṣì mú dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ dá èèyàn lóhùn, ètè àti ọwọ́ nìkan ló kù fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fídíò ni ìyá àti ọmọ fi máa ń pe ara wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ á sọ̀rọ̀, ìyá á ya ẹnu, á ju ọwọ́, ọmọ á sì máa wo ètè rẹ̀ bí ẹni ń kàwé. Ẹni tí kò bá rí ojú Màmá, kò bá Màmá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí fóònù ti ń ṣú ni ọmọ ti ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń ní kí Màmá jọ̀ọ́ tún un sọ.

Ó wá di ọjọ́ kan tí okùn ṣáájà wọn nílé kú. Bí obìnrin náà ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ó ya ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun fi sí iná, òun á gbà á bí òun bá ń bọ̀. Ó ti yí padà kó tó tún rántí irú ẹni tó gbé e fún.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kàn fi sí iná ni o. Ẹ má bá mi tún un ṣe."

Dídán ní kí ni òun fẹ́ tún ṣe lára fóònù, ṣé igi ni? Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Ó fi fóònù sí iná, ó kẹ́yìn sí i, ó ha ẹsẹ̀ àga kan. Ó tún wò ó. Ìlà yẹn wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, ìlà kì í ṣe bàbàrà: bí nǹkan bá ha igi, ẹ ó ha gbogbo àyíká rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ibi tí ìlà náà jìn dé, ẹ ó nù ún, ìlà á di ìtàn. Ó rò ó pé ojú fóònù náà á gbọ́ èdè yẹn. Ó tún ro bí inú ìyàwó rẹ̀ á ṣe dùn tó nírọ̀lẹ́, bó ṣe máa pe òun ní olówó orí rẹ̀. Èrò kejì yìí ló kó bá a. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ó mú sáńpépà tó kúnná jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó máa ń fi omi lò, tó fi ń parí tábìlì àwọn olówó. Ó yọ fóònù kúrò lára iná, ó rẹ sáńpépà sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí roboto roboto lójú fóònù, ó ń súfèé. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, kò fi igun kankan sílẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Ìlà ti lọ lóòótọ́. Ìlà àti gbogbo ohun yòókù. Fóònù ti funfun bàlàú bíi fèrèsé balùwẹ̀ tí ooru omi gbígbóná ti bò. Ó tan iná rẹ̀, àwọ̀ kan ń ràn lábẹ́ kùrukùru, kò mọ èyí tó jẹ́ aago nínú rẹ̀ tàbí èyí tó jẹ́ àwòrán. Ó fi òróró díẹ̀ pa á, ó mọ́lẹ̀ fìrí, inú rẹ̀ dùn. Ó nu òróró kúrò, funfun padà. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti ń nà sí agolo fáníìṣì kí orí rẹ̀ tó bá a dá ọwọ́ náà dúró.

Ó jókòó lórí àga tí kò tíì gbẹ. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ ń bà á lẹ́rù, mi ò ní sọ pé kò bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú àyà rẹ̀ já. Màmá ni. Nírọ̀lẹ́ òní, Màmá á jókòó sídìí fóònù tirẹ̀, á ya ẹnu, á máa ju ọwọ́, ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan ju èéfín lọ. Owó fóònù mìíràn kò sí nílẹ̀. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa Màmá lẹ́nu mọ́," ló sọ fún àga àti tábìlì tó yí i ká. Ó dùn ún débi pé kò mọ̀ pé fáníìṣì ti mú òun nídìí sókòtò.

Ó fi aṣọ wé fóònù bí ọmọ tuntun, ó sáré lọ bá Ìyá Gáàdì ní ìkángun títì. Obìnrin àgbà ni Ìyá Gáàdì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ, síkírìn gáàdì ló sì ń tà, ìyẹn àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù kí ó má baà ha. Dídán ní ẹnì kan ló fún òun ní fóònù náà pé kí òun bá a wá ibi tí wọ́n ti lè tún un ṣe. Ìyá Gáàdì gbà á, ó gbé e dábùú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó bi í pé ta ló ha á. Dídán ní àwọn ọmọdé ni.

Ìyá Gáàdì ní àwọn ọmọ náà mọ iṣẹ́ o. Ó ní òun ti ń rí fóònù tó ha láti ọjọ́ pípẹ́, òun ò rí èyí tó ha dọ́gba láti etí dé etí báyìí rí, pé ẹni tó ṣe é kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ó kù díẹ̀ kí Dídán dúpẹ́. Obìnrin náà wo ìka rẹ̀ tó ti pọ́n fún fáníìṣì, ó wo sáńpépà tó yọrí lápò ẹ̀wù rẹ̀, ó ní kó kú iṣẹ́.

Bó ṣe ń sọ ọ́, Ìyá Gáàdì ti ki èékánná bọ igun fóònù náà, ó ń gbé e sókè. Dídán fọwọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kó di méjì. Obìnrin náà rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni ń gbé ọwọ́ ọmọ kúrò nínú ọbẹ̀. Gíláàsì funfun náà ṣí ní odidi. Ojú fóònù gan-an wà lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó mọ́, ó ń kọ mànà bí ìgbà tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á dé.

"Bàbá, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ojú fóònù rárá. Gáàdì ara rẹ̀ lẹ fìyà jẹ."

Àkọ́bí wọn ló ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó tó fi ránṣẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, gáàdì làwọn òbí rẹ̀ ń wò tí wọ́n rò pé fóònù ni. Ìyá Gáàdì ní iṣẹ́ gáàdì ni pé kó gba ìyà ojú fóònù jẹ, bó bá sì ti jẹ tó, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ó ní kí Dídán sọ fún ẹni tó ni fóònù pé kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù kò le ju gíláàsì lọ, iyanrìn tí òun rí létí fóònù yìí ni kó gbọ̀n kúrò lápò. Dídán ní òun á jíṣẹ́. Ikú tó fẹ́ pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dá. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ débi pé nígbà tí obìnrin náà ń lẹ gáàdì tuntun, tó ń fi ìka lé atẹ́gùn jáde lábẹ́ rẹ̀, Dídán ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde lábẹ́ igi pẹlẹbẹ.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, fóònù ti wà lórí iná, Dídán ń súfèé. Obìnrin náà wo fóònù, ó wo ọkọ, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Dídán ní òun kàn nù ún ni. Ìyàwó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló nu ìdí sókòtò yẹn?

Nílé, obìnrin náà jókòó sí pálọ̀, ó pe Màmá. Dídán dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí kí wọ́n yìn ín. Kò gbọ́ ìyìn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó yọjú, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó gbé fóònù sún mọ́ ojú, tí kò mira.

Ó wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Màmá nìyẹn nínú fóònù, ó mọ́ kedere. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ lábẹ́ bùbá, bùbá náà sì ti di ti ẹlòmíràn lọ́rùn rẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu àyà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá bi í pé ara ńkọ́, ìyẹn ni pé dáadáa ni òun wà.

"Màmá, mò ń rí yín lónìí o," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Mò ń rí yín dáadáa."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí àyà.

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀, omi ti lé sí i lójú, ó ní kó sọ ohun tó ṣe sí fóònù yìí fún òun. Dídán kò lè purọ́ mọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, sáńpépà, òróró, agolo fáníìṣì, àwọn ọmọdé tí kò sí, pé ohun tí wọ́n ti ń fi wo Màmá láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ojú fóònù rárá. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀hún. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lóhùn, ó rín in títí ó fi di apá àga mú. Ìyàwó Dídán náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ẹ̀rín náà rẹ Màmá kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fẹ̀yìn ti àga, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Màmá, lọ́la la máa wá," ni Dídán sọ lórí èjìká ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó ló máa ń túmọ̀ ohun tí Màmá bá wí fún un, torí Dídán kò mọ ètè kà. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá wo Dídán gan-an, ó ya ẹnu díẹ̀díẹ̀, Dídán sì rí i fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀: "Ẹ tètè dé."