Ìyá Mi, Kíákíá, àti Sítáńdì Méjì

Ìyá mi kì í gbàgbé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, ẹ lè jẹun, ẹ lè sùn, ẹ lè kó lọ sí àdúgbò mìíràn, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ṣì wà. Àwọn tó ń pè é ní onínú líle kò purọ́. Lójú èmi ọmọ rẹ̀, ohun tó dára jù lára rẹ̀ nìyẹn.

Mẹkáníìkì ni. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, aṣọ ló ń rán. Bàbá mi ló ń tún mọ́tò ṣe, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kíákíá. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò já lu bàbá mi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì kú. Kíákíá wá sílé wa, ó sunkún, ó ní ọ̀rẹ́ òun kò gbé sítáńdì sábẹ́ mọ́tò, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tó máa ń gbé e dúró. Ó ní jáàkì nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń pè é ṣáá lórí fóònù pé kó tètè máa bọ̀ nílé.

Ìyá bàbá mi gbà á gbọ́. Ojúlé kejì sí wa ló ń gbé, síbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò dáhùn bí ìyá mi bá kí i.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ti rí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ náà. Ojú ibi tí wọ́n ti wọ́ irin hàn lórí símẹ́ǹtì, funfun báláú, láti abẹ́ mọ́tò tó pa bàbá mi dé abẹ́ bọ́ọ̀sì tí Kíákíá ń tún ṣe. Ó sọ ọ́, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ló bá ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ mọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òkúta á wà nídìí táyà, sítáńdì méjì á wà lábẹ́, a ó sì fi ọwọ́ méjèèjì mi mọ́tò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Kíákíá tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ wá bẹ ìyá mi fún iṣẹ́. Ó gbà á! Mo bínú débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní kí n fara balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kíákíá yọ́ sábẹ́ mọ́tò kan tí ìyá mi fúnra rẹ̀ gbé sókè. Kò mì ín, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Sítáńdì méjèèjì wà lẹ́yìn orí rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí wọn, àmọ́ jáàkì ló ṣì gbé mọ́tò, ó ku ìwọ̀n ìka kan kó kàn wọ́n. Ìyá mi mú sítáńdì kẹta tó wà nílẹ̀ lásán, ó wọ́ ọ gbrrr lórí símẹ́ǹtì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ìró yẹn?"

"Ìyàwó wa, kí lẹ ń yọ?"

Ìyá mi tú jáàkì díẹ̀. Mọ́tò rọ̀ sílẹ̀.

"Ta ló yọ ti ọkọ mi?"

"Yéè! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni! Oníbọ́ọ̀sì ń kánjú, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, mo rò pé ọkọ yín ti lọ jẹun ni. Mi ò bẹ̀rẹ̀ wò!"

"Ta ló ń pè é lórí fóònù?"

"Kò sẹ́ni tó pè é! Irọ́ ni mo pa!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Kí n má tàn yín, mo fẹ́ kí mọ́tò náà já. Ìyá mi tú jáàkì pátápátá. Kíákíá figbe ta, mọ́tò sì jókòó sórí sítáńdì méjèèjì, kò mira mọ́. Nígbà tó fi máa wọ́ jáde, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù.

"Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ yín," ni ìyá mi wí. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Pẹ̀lú ṣòkòtò yẹn ló mú un gba ojú títì kọjá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá bàbá mi. Kíákíá dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́. Ìyá àgbà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá àgbà ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan fún ìyá mi.

"Ìyàwó mi, jókòó."

"Ẹ ṣeun, mà," ni ìyá mi wí. "Iṣẹ́ ń dúró dè mí."

Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó sì jáde.