Ẹni Tó Kàn

Búrẹ́dì ni mo ń rà ní Mafoluku lánàá, oníṣọ́ọ̀bù ní èyí tí mo fẹ́ ti tán. Mo rántí akọ̀wé àdúgbò wa. "Tí kò bá sí, èwo ló kàn?" ni wọ́n máa ń béèrè níbi gbogbo.

Wọ́n rìn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀nà ìdìbò tuntun, títí ó fi rẹ̀ wọ́n, kí a tó gbà láti máa kọ oókan, eéjì, ẹẹ́ta síwájú orúkọ àwọn tó ń dupò alága, bí a ṣe fẹ́ wọn sí. Ẹni tí oókan rẹ̀ bá kéré jù á bọ́ sílẹ̀, ìbò rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún tí wọ́n dupò náà fúnra wọn, èmi ni mo ka ìbò. Ìwé lórí ìwé, eéjì ló wà síwájú orúkọ wọn. Oókan kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Àwọn la kọ́kọ́ yọ.

Wọ́n bá mi kó ìwé jọ, wọ́n ní: "Ìyá Rẹ̀mí, lọ́dọ̀ ìwọ náà, èmi ni mo kàn?"