Ọwọ́ Òsì Ìyá Àgbà Nínú Abọ́ Wa

Mo ṣì kéré nígbà náà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, nígbà tí mo já bọ́ láti orí igi mángòrò tó wà lẹ́yìn ilé kéwú wa ní Ìlọrin. Ẹ má bi mí pé kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí igi. Mángòrò ni mo ń wá. Apá ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ó sì ṣẹ́. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun, ó tò ó, ó fi igi pẹlẹbẹ dì í, eegun náà sì jiná. Mi ò ní purọ́ mọ́ bàbá yẹn. Títí di òní, apá mi gún régé.

Ọwọ́ ni kò gbọ́ràn mọ́. Nígbà tí wọ́n tú igi kúrò, ọrùn ọwọ́ mi rọ, ó ń fì dẹ̀dẹ̀ bí ewé ẹ̀gẹ́ tí oòrùn pa. Mo ní kó dìde, kò dìde. Mo ní kí àwọn ìka nà, wọn ò nà. Lọ́jọ́ kan, ìdérí ìkòkò gbígbóná kàn mí lẹ́yìn ọwọ́ náà, lẹ́bàá àtàǹpàkò, ó bó, n kò mọ̀. Ìyá mi ló rí i tó figbe ta. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ló bà á. Àwọn kan ní ta ni yóò fẹ́ mi báyìí? Ojú mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́ o! Àwọn àgbàlagbà mìíràn rò pé etí ọmọdé di ni.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó háyà yàrá ládùúgbò wa, onígbàgbọ́ ni, ará Ọ̀mù-Àrán. Ó yẹ ọwọ́ mi wò síwá sẹ́yìn, ó wá kọjú sí ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi.

“Ìyá, ọwọ́ yìí ò kú o. Iṣan kan ló máa ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá sí ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ eegun apá ló gbà kọjá. Nígbà tí eegun ṣẹ́, òun náà fara pa. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń jí padà, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ ṣáà máa bá a na àwọn ìka yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí oríkèé má baà gan.”

Ìyá àgbà gba iṣẹ́ náà ṣe bí iṣẹ́ Ọlọ́hun. Á fi òrí pa ọwọ́ mi, á na ìka kọ̀ọ̀kan, á wá máa bú u: “Ìwọ ọ̀lẹ yìí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti dé oko, o ṣì ń sùn!” Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ìdí oúnjẹ ni n kì í ti í rẹ́rìn-ín. Abọ́ kan ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń yí ká, ọwọ́ ọ̀tún la sì fi ń jẹ ẹ́. Ọmọ tó bá gbàgbé tó ki òsì bọ abọ́, ìyá àgbà á gbá a lọ́wọ́ pàì: “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ fẹ́ fi jẹun!” Ọ̀tún tèmi ò sì lè gbé òkèlè tùwó dé ẹnu. Ni ìyá mi bá bu tèmi sọ́tọ̀, ó ní kí n fi òsì mú ṣíbí, kí n máa jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ará ilé má baà rí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè jẹ tùwó yẹn! Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà sí ẹran níta, mo sì ń sunkún. Nígbà tó yá, bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ wá ni mo ń dá a padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹran kọ́ ló ká mi lára. Àárín wọn ni mo fẹ́ padà sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun mágàríbà, ìyá àgbà, tí kì í bá ọmọdé jẹun, wá jókòó sídìí abọ́ wa. Ó ní kí wọ́n lọ mú mi wá. Mo jókòó tì í. Ó ní, “Bísímílà,” ó ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ tùwó, ó bu òkèlè, ó rì í bọ ọbẹ̀ kúkà, ó jẹ ẹ́.

Bàbá mi, tó ń kọ́ni ní kéwú, rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó sáré jáde. “Súbúhánà! Ìyá, ọwọ́ òsì ni o!”

“Mo ríran,” ni ìyá àgbà wí. “Túláàsì ló bá ọmọ yìí, Ọlọ́hun tó dá ọwọ́ rẹ̀ sì ń wò ó. Bí ẹjọ́ bá wà ńbẹ̀, èmi ni kí wọ́n bi. Jẹun, ọmọ mi.”

Bàbá mi wá sọ jẹ́jẹ́ pé Ọlọ́hun kì í di ẹrù ru ẹ̀mí kan ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì wọlé. Mo fi òsì jẹ tùwó yẹn títí ikùn mi fi le. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jà sí ẹran.

Ọyẹ́ dé, ó lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí ìyá àgbà ń bú ọwọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọrùn ọwọ́ náà gbéra díẹ̀, bí ìkókó tó fẹ́ gbé orí. “Tún un ṣe,” ni ìyá àgbà wí. Mo tún un ṣe. Ariwo tó pa kọjá sísọ! Láì wé gèlè ló fi wọ́ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìka tẹ̀lé e. Àtàǹpàkò ló kẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní àdúgbò Adéwọlé ni mò ń gbé báyìí, mo sì ń rí bí ọ̀kadà ṣe ń ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lápá. Ẹ dúpẹ́ pé ayé ti là. Dókítà á ní kí o gbé ọrùn ọwọ́ sókè kó tó di apá rẹ, kó lè mọ̀ bóyá iṣan fara pa. Iṣan tó bá já, wọ́n ń rán an. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kìkì kí wọ́n máa bá ènìyàn na ọwọ́ tún wà. Láyé tiwa, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló rọ tí kò dìde mọ́, torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kó má sọ̀rètí nù.

Abọ́ ńlá yẹn ni kò sí mọ́. Kálukú ló ní àwo tirẹ̀, ọ̀kan wà nídìí fóònù, ọ̀kan wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ lè wà ní yàrá rẹ̀ títí kí ẹnikẹ́ni tó fura pé kò jẹun. N kò ní kí ẹ dá ayé padà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọmọ kan bá rọ nínú ilé yín, tí ẹ ti ọsibítù dé, tí ẹ rí i tó ń dá jẹun ní kọ̀rọ̀, ẹ má pè é jáde. Ẹ gbé àwo tiyín, kí ẹ lọ jókòó tì í.