Irọ́ Tó Wà Nínú Lẹ́tà Bàbá Mi

Lánàá, nílé àbúrò mi, mo gbọ́ ìró sítébúláísà àtijọ́ kan, "káù," lẹ́ẹ̀kan péré, àyà mi sì já. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìró yẹn ló máa ń dún kí kọ̀ǹpútà ilé wa ní Mọ́níyà tó tàn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, àti pé ọ̀sẹ̀ kan wà tí ìró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìsàn.

Fóònù alágbèéká kò tíì dé nígbà náà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, màmá mi sì ń ka ìwé gíga lọ́wọ́. Ní pálọ̀ ni kọ̀ǹpútà wà, Mọ́mì fi aṣọ léèsì bò ó bíi pé òtútù lè mú un. Linux ni Dádì fi sínú rẹ̀, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín Linux kiri, ṣùgbọ́n Dádì ní kí ọ̀rẹ́ wọn kan ra ti inú páálí bọ̀ láti òkè òkun, nítorí ìwé pélébé kan wà nínú páálí náà tó sọ pé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, bí nǹkan bá bàjẹ́, kí ẹni tó rà á kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọn yóò sì dáhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ẹ̀yin náà! Omi òjò lẹ lọ sanwó fún!" Dádì á ní, "Kì í ṣe omi ni mo rà. Ẹni tí màá ké sí ni mo rà."

Ọdún mẹ́ta ni Mọ́mì fi ń lọ bá àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Ìrókò àti Erunmu, tí wọ́n ń gbọ́ ìtàn iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Eku ti jẹ ìdajì àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni iṣẹ́ náà kù sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan tí èmi nìkan wà nílé, mo ti díìsì géèmù tí ọmọ kíláàsì mi kan yá mi bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò yé mi. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo tún un tàn, lẹ́tà méjì péré ló yọ lókè, ó sì dúró síbẹ̀. Mo pa á, mo da léèsì bò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo gbé Bíbélì, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí ti fura nígbà yẹn.

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?" Dádì béèrè nírọ̀lẹ́.

"Kì í ṣe èmi, sà."

Mọ́mì ní àwọn náà ò fọwọ́ kàn án. Báyìí ni Dádì ṣe fi í-meèlì kọ̀wé sí àwọn tó ta páálí náà láti ibi iṣẹ́ wọn, pé kò sẹ́ni tó ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n mú èsì bọ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní pálọ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé inú ẹ̀rọ náà ló ti bàjẹ́, kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tún Linux fi sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ti díìsì mìíràn bọ̀ ọ́, kí wọ́n má nu nǹkan kan o, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé, nítorí ó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Dádì wò wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé, Mọ́mì ń ká aṣọ léèsì. Wọ́n ní ó dàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí àwọn tó nù ún.

Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mọ́mì ta òróró àdúrà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, Dádì fi aṣọ nù ún kúrò. Kì í ṣe ẹgba ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ojú tí màmá mi yóò fi máa wò mí bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo pa iṣẹ́ ọdún mẹ́ta.

Láàárọ̀, sítébúláísà dún, káù. Mo sáré wọ kíṣìnnì, mo kúnlẹ̀ níbi tí Mọ́mì ti ń bẹ iṣu.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni. Mo ti díìsì géèmù bọ̀ ọ́."

Mo di ojú, mo ń retí ìgbátí. Ọ̀bẹ ló bọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ ni?" Mọ́mì béèrè. "Mo ṣebí èmi ni. Mo fa wáyà ẹ̀ yọ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kí n lè fi ojú iná náà lọ aṣọ, mi ò pa á kí n tó fà á. Mi ò lè sọ fún dádì ẹ."

Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù lọ. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ìyá ènìyàn náà lè máa sá fún ìbéèrè. Wọ́n fà mí lọ́wọ́, a sáré. "Dádì, ẹ má tẹ nǹkan kan!"

Ìka wọn ti wà lórí bọ́tìnnì. Wọ́n gbọ́ tiwa tán, wọn ò pariwo. Wọ́n gbé bébà síwájú wa, wọ́n ní kí kálukú kọ ohun tó ṣe, bó ṣe tẹ̀ léra. Wọ́n mú bébà náà lọ síbi iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí a kọ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí dáhùn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ta páálí náà, ó dúpẹ́ pé a sọ òótọ́, ó sì to ohun tí a ó ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Dádì ń kà á, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí orúkọ àwọn obìnrin Erunmu yọ lójú ẹ̀rọ náà, Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà, mo jẹ ẹgba mẹ́ta. Mọ́mì ò jẹ nǹkan kan, mo sì rò ó nígbà náà pé ìyẹn ò dọ́gba.

Lóde òní, ẹ lè béèrè, kí èsì sì dé kí ẹ tó mí. Kò sẹ́ni tó ń ra páálí mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ò mọ bí ọjọ́ Ẹtì ṣe lè gùn tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kọ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ṣì ni pé kí lẹ ṣe sí i, ó sì ṣì máa ń ṣòroó dáhùn.

Mọ́mì ti sùn nínú Olúwa. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kò sì lè sọ ọ́. Mo ní kó jókòó. Mo kọ́kọ́ sọ tèmi fún un.