Orúkọ Tí Mi Ò Lè Pè

Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé olórin tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ràn jù ń bọ̀ wá kọrin ní Èrúwà, òun nìkan pẹ̀lú gìtá rẹ̀, ní pálọ̀ olùkọ́ póli kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo ní, "Ó tán! Gbogbo ìgbà tí baálé mi fi wà láyé, a ò rí i. Ìgbà tí wọ́n kú tán, olórin wá gbéra, ó ń bọ̀ nítòsí." Mo sọ ọ́ sókè ketekete nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Ẹ má bi mí pé àwọn ọmọ ńkọ́. A ò bí.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì máa ń kọ orin ọkùnrin yìí lórí tábìlì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà á sì máa tẹ máṣíìnì bá orin lọ. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ èèyàn ni olórin ń fi sí àárín ègbè. Orúkọ àwọn olówó ló kún inú kásẹ́ẹ̀tì. Tó bá débẹ̀, ọkọ mi á dá máṣíìnì dúró, á wò mí, á ní, "Tíṣà, lọ́jọ́ kan, tèmi náà á wọ ibẹ̀." Màá ní, "Kí lẹ ṣe fún un? Ṣé ẹ bá a rán ṣòkòtò ni?" A ó sì rín in tẹ́rùn. Ohun tó gbé mi lọ sí Èrúwà nìyẹn: kí olórin pe orúkọ ọkọ mi.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà ńbẹ̀. Mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ ọkọ mi rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: obìnrin kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gbàgà bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀. Kódà àbúrò rẹ̀ tí mo bá nílé, tí kò tíì mọ imú ara rẹ̀ fọn, "Akọ̀wé" ni mò ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń wí pé "ó" fún ọkọ mi. Lẹ́nu, "wọ́n" ni. Obìnrin tó bímọ á rí ọgbọ́n dá sí i, á ní Bàbá Lágbájá, ó parí. Èmi ò rí Lágbájá kankan fi kún un. "Baálé mi" ni mo pè é fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù báǹkì, mo ti kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì mi. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan dì mí lápá mú, ó ní, "Mà, ẹ pè wọ́n lórúkọ! Ẹ pè wọ́n dáadáa, wọ́n á gbọ́!" Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ẹnì kan bá ń lọ, orúkọ la fi ń pè é padà. Mo fi igbe ta: "Baálé mi! Baálé mi!" Nọ́ọ̀sì ní, "Orúkọ, mà, orúkọ wọn!" Mo tún ní, "Baálé mi." Ó sì lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba nǹkan jẹ́ nínú ọpọlọ, pé kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni ì bá ṣe. Mo gbọ́. Mi ò gbà.

Bí ọgbọ̀n la wà ní pálọ̀ olùkọ́ náà ní Èrúwà, ní ọ̀sán Sátidé tí olórin dé, lórí àga rọ́bà. Wọ́n ti ti tẹlifíṣàn sí kọ̀rọ̀. Tọkọtaya ló pọ̀ jù. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "Mà, ṣé ẹnì kan ń bọ̀ wá jókòó síbí?" Ó wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Rárá. Jókòó."

Olórin wọlé. Áà! Bàbá kúkurú kan ni, ó wọ súwẹ́tà nínú ooru. Ó ní gbogbo àwọn tó ń bá òun gberin ló ti kú tán, òun nìkan ló kù, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí makirofóònù. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n bó ṣe fọwọ́ kan gìtá, mo gbọ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Inú mi dùn, ọkàn mi sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mo lè fi hàn.

Ìgbà tó kan orin olórúkọ, ó ní, "Láyé àtijọ́, àwọn olówó ni mo ń kọ eléyìí fún. Olówó ti lọ, ẹ̀yin lẹ kù." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí kálukú dárúkọ ẹni tó bá fẹ́ kí òun kí. Ẹnì kan dárúkọ ìyá rẹ̀, ẹnì kan dárúkọ ọmọ tuntun. Ó ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. "Màmá, ta ni ká kí?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

"Ẹ ṣeun. Kí lorúkọ wọn?"

"Baálé mi ni mò ń pè wọ́n."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, ó ní, "Mà, bàbá ta ni wọ́n?"

Ara mi gbóná. Mo dá a lóhùn pé, "Wọn kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni." Ó dùn mí pé mo jágbe mọ́ ọn, nítorí kò ṣẹ̀ mí. Olórin kò wo ojú mi. Ó ń ta okùn gìtá kan ṣoṣo díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má kánjú. Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Mo la ẹnu. Orúkọ náà jáde.

Kò ju sílébù mẹ́ta lọ. Ẹnu mi ò ya, àrá ò sán. Olórin gbà á lẹ́nu mi, ó fi sínú orin, ọgbọ̀n èèyàn tí kò rí ọkọ mi rí sì ń gbè é, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́. Ẹkún gbé mi. Obìnrin iwájú tí mo jágbe mọ́ na áńkáṣíìfù sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú oríire, mà." Gbogbo wọn rò pé ìdùnnú ni.

Ohun tó ń mú mi sunkún ni pé orúkọ náà kò le láti pè. Ẹnu kan náà ni mo gbé lọ sí ọsibítù.