Ìdajì Ọṣẹ

Bí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ ìfọṣọ, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jowú Ṣìkírá, ọmọ alájọgbélé wa ní Ajégúnlẹ̀. Ìjọba ló ní àwọn fẹ́ jí ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti kú ní Ìjọra dìde. Wọ́n pe bàbá Ṣìkírá padà síṣẹ́. Wọn ò pe bàbá mi.

“Ṣé o rí aṣọ iṣẹ́ tuntun bàbá mi?” ni Ṣìkírá wí. “Bàbá tìẹ ńkọ́?”

Nírọ̀lẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì ni bàbá rẹ̀ wọ̀ wálé. Mo rò pé ó fi aṣọ iṣẹ́ náà pamọ́ kí n má baà rí i ni. Ó gé ọṣẹ tó mú bọ̀ sí méjì, ó fún wa ní ìdajì.

Mo dàgbà kí n tó gbọ́ pé bí gómìnà ṣe ṣí ilé iṣẹ́ náà tán lọ́jọ́ yẹn tó lọ ni wọ́n pa ẹ̀rọ, tí wọ́n sì gba aṣọ náà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní géètì.

Síbẹ̀, lójú mi, ìdajì tiwọn ló tóbi jù.